Àwọ̀ Kì í Ṣe Ẹ̀rí: Bí A Ṣe Ń Dá Ẹja Sámọ́nì àti Tíráútì Mọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra sámọ́nì ní London tàbí Houston sábà máa ń wo bí ẹran ara ẹja náà ṣe pọ́n tó, ẹni tó sì ju ìwọ̀ sódò Tay ní Scotland máa ń wo bí ìpẹ́ rẹ̀ ṣe ń dán. Àwọ̀ lè tan àwọn méjèèjì jẹ. Ẹja tó ń dán bíi fàdákà nígbà tó ń ti òkun bọ̀ lè pọ́n bí osùn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó yé ẹyin, kí orí rẹ̀ sì di àwọ̀ ewé, débi pé ẹni tó rí i lẹ́ẹ̀mejì kò ní gbà pé ẹja kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ìtọ́sọ́nà yìí karí ohun tí kì í tètè yí padà: lẹbẹ, ìpẹ́, egungun ẹnu, erìgì àti ìrù. Ẹ tẹ̀ lé e ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, nítorí pé ìdáhùn tí ẹ bá rí nínú ọ̀kan ni yóò sọ èyí tí ẹ ó kàn sí.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ìdílé ẹja yìí ni Salmonidae. Ẹ̀ka mẹ́ta ló ní: sámọ́nì àti tíráútì pẹ̀lú àwọn ìbátan wọn wà nínú ẹ̀ka kan, grayling wà nínú èkejì, ẹja tí wọ́n ń pè ní whitefish sì wà nínú ẹ̀kẹta. Ìhà àríwá ayé nìkan ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, níbi tí omi ti tutù tí atẹ́gùn sì pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí odò kankan nílẹ̀ Yorùbá tó ni wọ́n. Èèyàn ló gbé àwọn tó wà ní Chile, ní New Zealand àti lórí àwọn òkè Kenya lọ síbẹ̀. Lọ́dún 1864, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Norfolk gbé ẹyin wọn láti England dé Melbourne ní Australia, wọ́n sì fi ọkọ̀ mìíràn gbé e láti ibẹ̀ dé erékùṣù Tasmania. Inú yìnyín àti ewéko tútù ni wọ́n tọ́jú ẹyin náà sí jálẹ̀ ìrìn àjò ọ̀hún, ẹyin náà sì pa ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n gúnlẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù gbáà ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣètò ibi tí ẹ ó ti wo ẹja náà

Ẹ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà, nítorí pé iná tí àwọn ṣọ́ọ̀bù máa ń tàn sórí yìnyín ẹja lè mú kí ẹran pọ́n ju bó ṣe rí gan-an lọ. Ẹ mú rúlà, igi ìtayín kan tí ẹ ó fi máa ka egungun inú lẹbẹ, àti fóònù. Bí ẹja náà bá wà láàyè tí ẹ sì ń gbèrò láti dá a padà, ẹ jẹ́ kó wà nínú omi, kí ẹ sì rin ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí pé ohun yíyọ̀ tó bo ara rẹ̀ ni ààbò tó ní lọ́wọ́ àrùn, ọwọ́ gbígbẹ sì lè bó o kúrò. Ẹ ya àwòrán mẹ́ta: odindi ẹ̀gbẹ́ kan, orí pẹ̀lú ẹnu, àti ìrù pẹ̀lú lẹbẹ tó wà lẹ́yìn ihò ìdí, kí ẹ sì tẹ́ lẹbẹ méjèèjì sílẹ̀ dáadáa. Bí àwòrán mẹ́ta yìí bá ti mọ́lẹ̀, ẹja lè padà sódò kí ẹ sì ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó kù nílé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé ọmọ ìdílé náà ni?

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹja, láti ibi lẹbẹ ńlá tó dúró láàárín ẹ̀yìn títí dé ìrù. Lẹbẹ kékeré kan yẹ kó wà níbẹ̀ tó rọ̀ bí ẹran lásán, tí kò ní egungun nínú. Lẹbẹ ọlọ́ràá ni mo máa pè é. Ẹni tó bá ti ń ra ọ̀bọ̀kún nílé ti rí irú rẹ̀ rí, nítorí pé ọ̀bọ̀kún náà ní in. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ̀kún kò ní ìpẹ́, ó ní irùngbọ̀n, ẹ̀gún líle tó ń gún alásè lọ́wọ́ sì wà níwájú lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdílé sámọ́nì ní ìpẹ́, kò ní irùngbọ̀n, kò sì sí ẹ̀gún nínú lẹbẹ rẹ̀ kankan. Ẹ tún gbé lẹbẹ abẹ́ ikùn sókè: ní ìdí rẹ̀, níbi tó ti so mọ́ ara, ẹ ó rí ẹran kékeré kan tó gùn tó sì rí ṣóńṣó bí ìpẹ́ tó yọ síta. Bí gbogbo èyí bá pé, inú ìdílé náà lẹ wà.

Bí lẹbẹ ọlọ́ràá kò bá sí, ẹ má tíì kọ ẹja náà sílẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Washington àti Oregon ní Amẹ́ríkà, àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń pa ẹyin ẹja máa ń gé lẹbẹ yìí kúrò lára ọmọ ẹja kí wọ́n tó tú wọn sódò, ojú ibi tí wọ́n gé a sì jinná. Ní ọ̀pọ̀ odò níbẹ̀, ẹja tó ní àpá yìí nìkan ni apẹja lè gbé lọ sílé. Èyí tí lẹbẹ rẹ̀ pé, wọ́n kà á sí ọmọ odò tí ẹnikẹ́ni kò sìn, dandan sì ni kó padà sínú omi. Ẹran kékeré tí kò gùn tó ìka ọwọ́ ló ń pààlà láàárín oúnjẹ alẹ́ àti owó ìtanràn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ọ̀pá inú lẹbẹ ìdí

Èyí ni ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, mo sì kà á sí pàtàkì jù lọ. Lẹbẹ tó wà lábẹ́ ara, lẹ́yìn ihò ìdí, ní àwọn egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé e dúró bí ọ̀pá agbòòrùn. Ẹ tẹ́ lẹbẹ náà, kí ẹ fi igi ìtayín ka àwọn ọ̀pá yìí láti ìdí, níbi tí wọ́n ti jáde lára, nítorí pé wọ́n máa ń pẹ̀ka lókè, ẹni tó bá sì kà á lókè yóò ka ọ̀kan ní méjì. Ẹ fo àwọn kúkúrú méjì tàbí mẹ́ta tó wà níwájú pátápátá.

Bí wọ́n bá jẹ́ 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sámọ́nì òkun Pacific lẹ mú lọ́wọ́, kí ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ karùn-ún. Bí wọ́n bá jẹ́ 12 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ sámọ́nì òkun Atlantic, tíráútì tàbí ìbátan wọn tí wọ́n ń pè ní char, kí ẹ máa bá mi bọ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹrin. Bí kò bá sí àyè láti kà á, ẹ fi ojú wọn lẹbẹ náà: ti sámọ́nì Pacific máa ń gùn nídìí ju bó ṣe ga lọ, ti àwọn yòókù sì máa ń ga ju bó ṣe gùn nídìí lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: sámọ́nì Atlantic, tíráútì àti char

Ẹ kọ́kọ́ wo àmì ara. Ohun tí mo ní kí ẹ wò níbí ni bí àmì náà ṣe dá lórí ara, kì í ṣe bí àwọ̀ ọ̀hún ṣe rí. Bí ara bá ṣókùnkùn tí àmì tótòtó orí rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ jù ú lọ, char ni, pàápàá bí etí iwájú lẹbẹ abẹ́ rẹ̀ bá funfun bí ẹni fi ẹfun fà á. Brook trout tó gbajúmọ̀ ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, char ni láìka orúkọ rẹ̀ sí. Ẹ ó rí ìlà wíwọ́ bí ipa ekòló lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Lake trout náà, char ni, ìrù rẹ̀ sì ya jinlẹ̀. Arctic char ló ń gbé inú omi tó jìnnà sí àríwá jù lọ nínú gbogbo ẹja omi aládùn.

Bí ara bá mọ́lẹ̀ tí àmì sì dúdú, ẹ yí ojú sí ìrù. Ìrù tó kún fún àmì dúdú kéékèèké tó tò láti ìdí dé etí, pẹ̀lú ìlà àwọ̀ osùn gbọọrọ tó sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ara, ti rainbow trout ni. Ẹja yìí àti èyí tí wọ́n ń pè ní steelhead kò yàtọ̀. Steelhead ni èyí tó lọ sí òkun tó sì padà wá. Títí di ọdún 1989, àwọn onímọ̀ kà á mọ́ àwọn ìbátan sámọ́nì Atlantic, kí wọ́n tó gbà pé àwọn ti Pacific ló bá tan jù, wọ́n sì wá ń pè é ní Oncorhynchus mykiss. Bí ẹ bá rí ìlà pupa méjì lábẹ́ àgbọ̀n, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ là á, cutthroat ni, ọmọ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà.

Bí ìrù kò bá ní àmì tàbí tó ní díẹ̀ péré, ó ku méjì: sámọ́nì Atlantic, tí orúkọ ìmọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Salmo salar, àti brown trout, tó ń jẹ́ Salmo trutta. Linnaeus ló fún àwọn méjèèjì lórúkọ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1758, láti ìgbà náà sì ni wọ́n ti ń da apẹja láàmú. Brown trout tó bá lọ sí òkun, tí wọ́n wá ń pè ní sea trout, máa ń funfun báláú gẹ́gẹ́ bíi sámọ́nì. Ibi yìí gan-an ni kí ẹ ti fara balẹ̀, kí ẹ má sì gba ẹ̀rí ẹyọ kan gbọ́.

Ẹ pa ẹnu ẹja náà dé, kí ẹ wo egungun àgbọ̀n òkè. Ti sámọ́nì kì í kọjá ọ̀gangan ẹ̀yìn ẹyinjú. Ti tíráútì tó ti dàgbà máa ń kọjá rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọrùn ìrù, ìyẹn ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù kí ìrù tó bẹ̀rẹ̀. Ti sámọ́nì tẹ́ẹ́rẹ́, etí ìrù rẹ̀ sì le, débi pé bí ẹ bá di ọrùn ìrù náà mú, ẹja náà kò ní yọ́ bọ́ lọ́wọ́ yín. Ọrùn ìrù tíráútì ki, ọwọ́ sì máa ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ìrù sámọ́nì máa ń ya díẹ̀ bíi ti alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ìrù tíráútì àgbà sì máa ń tẹ́jú ní etí bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ní ti àmì, sámọ́nì kì í sábà ní tótòtó púpọ̀ nísàlẹ̀ ìlà tó ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ dé ìrù, nígbà tí ti tíráútì pọ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ìlà náà.

Bí iyè méjì bá ṣì wà, ìpẹ́ ni ẹ ó kà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìdí lẹbẹ ọlọ́ràá, kí ẹ máa ka ìpẹ́ bọ̀ nísàlẹ̀ ní dídàgẹ̀rẹ̀ síwájú títí ẹ ó fi kan ìlà ẹ̀gbẹ́. Sámọ́nì máa ń ní 10 sí 13, tíráútì máa ń ní 13 sí 16. Ẹ rí i pé 13 lè jẹ́ ti èyíkéyìí nínú wọn, ìdí tí mo fi ní kí ẹ má gba ẹ̀rí ẹyọ kan gbọ́ nìyẹn. Nígbà tí àgbọ̀n, ọrùn ìrù àti ìpẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ lè dá ẹjọ́ náà.

Nínú odò Tay yìí kan náà ni Georgina Ballantine ti fi ìwọ̀ mú sámọ́nì tó wọn pọ́n-ùn 64, ìyẹn nǹkan bíi kílò 29, ní ọjọ́ 7 oṣù October ọdún 1922. Kò tíì sí ẹni tó fi ìwọ̀ mú èyí tó tóbi jù ú lọ ní Britain tí wọ́n kọ sílẹ̀. Lónìí, sámọ́nì Atlantic ti dín kù gan-an nínú àwọn odò ilẹ̀ náà, wọ́n sì fi í sínú ìwé àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu àkúrun ní Britain ní December 2023. Èyí ló fà á tí mo fi ka dídá ẹja mọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó ju ìgbádùn lọ. Ní Scotland, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni pa sámọ́nì mọ́ kí ọjọ́ kìíní oṣù April tó dé, kò gbà kí a fi ìwọ̀ wá sámọ́nì tàbí sea trout lọ́jọ́ Sunday, àwọn odò kan sì wà tó jẹ́ pé gbogbo sámọ́nì tí a bá mú nínú wọn gbọ́dọ̀ padà sómi lọ́jọ́kọ́jọ́. Ẹni tó bá sọ pé tíráútì lòun rò pé ó jẹ́ kò tíì bọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: sámọ́nì òkun Pacific

Ìrù àti ẹnu ni ẹ ó fi mọ àwọn wọ̀nyí. Márùn-ún ni wọ́n ní Amẹ́ríkà àti Canada. Ẹ̀kẹfà, tí wọ́n ń pè ní masu, wà ní Japan àti àyíká rẹ̀.

Ẹ tẹ́ ìrù sílẹ̀ kí ẹ wá àmì dúdú. Bí àmì bá wà lórí ẹ̀ka òkè àti ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ìrù, ó lè jẹ́ chinook tàbí pink. Àmì pink tóbi, ó sì rí bí ẹyin adìyẹ, ìpẹ́ rẹ̀ kéré gan-an. Ti chinook kéré, kò sì gún régé. Ẹ wá la ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú ìka bí ẹja náà bá ṣì ń mí. Erìgì chinook dúdú níbi tí eyín ti jáde, ìdí sì nìyẹn tí àwọn apẹja kan fi ń pe èyí tí kò tíì dàgbà ní ẹlẹ́nu dúdú. Chinook ló tóbi jù láàárín wọn: èyí tí wọ́n fi ìwọ̀ mú nínú odò Kenai ní Alaska lọ́dún 1985 wọn pọ́n-ùn 97 àti díẹ̀, nǹkan bíi kílò 44. Orúkọ àwọn ènìyàn Chinook, tó ti ń gbé etí odò Columbia tipẹ́, ni wọ́n fi pè é.

Bí àmì bá wà lórí ẹ̀ka òkè ìrù nìkan, tí erìgì sì funfun níbi tí eyín ti jáde, coho ni. Ahọ́n coho lè dúdú, kí ẹ má jẹ́ kí ìyẹn ṣì yín lọ́nà. Ìdí eyín ni kí ẹ wò. Chinook àti coho ni àwọn èèyàn máa ń pààrọ̀ fún ara wọn jù lórí omi, bẹ́ẹ̀ òfin tó de ọ̀kan kì í sábà jẹ́ òfin tó de èkejì.

Bí kò bá sí àmì gidi lórí ìrù tàbí ẹ̀yìn, sockeye tàbí chum ni. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí ohun pupa tí ẹja fi ń mí wà. Lára egungun àkọ́kọ́ níbẹ̀, ẹ ó rí ohun kan tó tò bí eyín òòyà. Ti sockeye gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì sún mọ́ra, láti bíi 28 dé 40, nítorí pé òun ló fi ń sẹ́ ohun abẹ̀mí kéékèèké nínú omi. Ti chum kúrú, ó sanra, kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí chum bá ń wọ odò láti yé ẹyin, ilà elésè àlùkò máa ń wà ní ìbú ara rẹ̀, eyín akọ a sì gùn bíi ti ajá, èyí tó mú kí wọ́n máa pè é ní sámọ́nì ajá.

Ọ̀rọ̀ pink kò mọ sí Pacific. Nínú ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn ará Rọ́ṣíà gbé e lọ sí àwọn odò tó ń ṣàn sí òkun àríwá wọn ní ìhà Yúróòpù, ó sì ti tàn dé Norway àti Scotland, níbi tí púpọ̀ rẹ̀ ti fara hàn lọ́dún 2017. Ọdún méjì géérégé ni pink ń lò láyé, nítorí náà àwọn ọdún tó parí sí oókan, ẹẹ́ta, aárùn-ún, eéje tàbí ẹẹ́sàn-án ni ó ń yọjú níbẹ̀. Bí ẹ bá mú un ní Scotland, ẹ má dá a padà. Àwọn alákòóso ẹja níbẹ̀ fẹ́ kí ẹ pa á láìjẹ́ kó jìyà, kí ẹ sì ròyìn ibi tí ẹ ti rí i. Ẹ wá rí i bí àìmọ ẹja ṣe léwu: sámọ́nì Atlantic ni òfin lè ní kí ẹ dá padà, pink ni ẹ kò gbọ́dọ̀ dá padà, odò kan náà ni àwọn méjèèjì sì wà. Ìrù tó ní àmì dúdú ńlá ni yóò là yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn ìbátan tó kù

Ẹ̀yìn ni ẹ ó fi mọ grayling: lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ga ó sì fẹ̀ bí ìgbòkun ọkọ̀. Whitefish ní ìpẹ́ ńlá, ẹnu kékeré, eyín rẹ̀ sì lè má hàn rárá. Powan tó wà ní adágún Loch Lomond wà lára wọn, òfin Britain sì dáàbò bò ó. Taimen ti Mongolia àti Siberia ló tóbi jù nínú gbogbo ìdílé náà.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ fi ọjọ́ orí àti àsìkò kún un

Gbogbo ohun tí mo ti sọ bá ẹja tó ti dàgbà mu. Ọmọ sámọ́nì àti ọmọ tíráútì tí wọ́n ṣì wà nínú odò ní àmì dúdú ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, bí ẹni fi ìka tó ní ẹ̀lú tẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì sì jọra gan-an. Lẹbẹ ọlọ́ràá ni ẹ ó wò: ti ọmọ tíráútì máa ń ní àwọ̀ ọsàn tàbí pupa létí, ti ọmọ sámọ́nì kì í ní in. Lẹbẹ àyà ọmọ sámọ́nì tún gùn ju ti ọmọ tíráútì lọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ padà sómi kíákíá.

Àgbà tó ti yé ẹyin tán tún jẹ́ ọ̀ràn ọ̀tọ̀. Sámọ́nì Pacific márààrún tí mo dárúkọ máa ń kú lẹ́yìn tí wọ́n bá yé ẹyin, òkú wọn a sì di oúnjẹ fún odò tí ọmọ wọn yóò dàgbà sí. Sámọ́nì Atlantic lè yè é kó sì padà sí òkun, èyí tó yè yìí ni wọ́n ń pè ní kelt. Ara kelt máa ń tún dán bíi fàdákà kó tó dé òkun, èyí ló sì ń tan àwọn tó ń wo àwọ̀ jẹ ní ìgbà ìrúwé: wọ́n á rò pé ẹja tuntun láti òkun ni. Ẹ wo ìbú rẹ̀: kelt rù, orí rẹ̀ tóbi ju ara lọ, etí lẹbẹ rẹ̀ ti gbó, ihò ìdí rẹ̀ sì wú. Òfin kò gbà kí ẹ pa á mọ́, ẹran rẹ̀ kò sì dára láti jẹ.

Bí sámọ́nì ṣe ń padà láti òkun sí odò tí wọ́n ti bí i, imú ló ń darí rẹ̀ nígbà tó bá ti sún mọ́ ilé. Arthur Hasler àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 1950, pé òórùn omi tí ọmọ ẹja gbọ́ kó tó kúrò nílé ni yóò máa tọ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí wọ́n bá ti gé ẹja náà

Ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní sí lẹbẹ, kò ní sí ẹnu, ara ẹran pupa nìkan ló kù, ibẹ̀ sì ni àwọ̀ ti ń tan èèyàn jẹ jù. Ohun tó ń kun ẹran sámọ́nì ni èròjà tí wọ́n ń pè ní astaxanthin, tí ẹja òkun ń rí nínú edé àti àwọn ìbátan edé tó ń jẹ. Ẹja ọ̀sìn kì í rí edé jẹ tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń sìn ín a sì fi èròjà náà sínú oúnjẹ rẹ̀. Bí wọn kò bá fi sí i, ẹran rẹ̀ yóò ràn sí eérú. Chinook mìíràn sì wà tí ẹran rẹ̀ funfun láti òkun wá, tó sì dára bí èyíkéyìí. Bí ó ṣe pọ́n tó kò sọ nǹkan kan fún yín nípa bóyá ẹja náà tutù tàbí bóyá ó dára.

Nítorí náà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ní Britain, òfin ní kí wọ́n sọ irú ẹja tí ó jẹ́, ibi tó ti wá, àti bóyá wọ́n sìn ín ni tàbí wọ́n pa á nínú omi; ní Amẹ́ríkà náà, àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá gbọ́dọ̀ sọ èyí àti orílẹ̀-èdè tó ti wá. Bí ẹ bá rí Salmo salar tàbí Atlantic, ẹja ọ̀sìn ló sábà máa ń jẹ́, ó sì sábà máa ń wá láti Norway, Scotland tàbí Chile. Norway ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàṣeyọrí nínú sísin ín nínú àwọ̀n lójú òkun, ní erékùṣù Hitra, lọ́dún 1970. Bí ẹ bá rí Alaska, ẹja òkun ni, nítorí pé òfin ìpínlẹ̀ náà ti ka sísin irú ẹja bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láti ọdún 1990. Agolo tí wọ́n kọ red salmon sí, sockeye ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ pink sí, pink náà ni, owó rẹ̀ sì máa ń dín sí ti sockeye. Keta ni orúkọ ìmọ̀ chum. Orúkọ tí mi ò fọkàn tán ni salmon trout, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ rainbow trout tí wọ́n sìn nínú òkun títí ó fi tóbi. Ẹ béèrè orúkọ ìmọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó san owó sámọ́nì.

Ẹ lè fi ojú ṣàyẹ̀wò díẹ̀. Ìlà ọ̀rá funfun fífẹ̀ tó pààlà sínú ẹran jẹ́ àmì Atlantic ọ̀sìn. Sockeye pọ́n dòdò, ó tinrin, ìlà ọ̀rá rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ìyàtọ̀ yìí ló ń pinnu bí ẹ ó ṣe sè é. Atlantic máa ń tú òróró sínú ọbẹ̀, nítorí náà kí ẹ dín òróró tí ẹ fẹ́ fi din ata kù. Sockeye ń gbẹ kíákíá, ẹ jẹ́ kí ata ti jinná tán kí ẹ tó tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ iná kalẹ̀ ní kété tí ẹran bá ti ń ṣí láìlo agbára. Àwọn méjèèjì kò ní le bíi pańla, ẹ má rò wọ́n pẹ̀lú síbí.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: kí ẹ tó gbé e sẹ́nu

Sámọ́nì òkun lè ní aràn kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Anisakis. Iná ń pa á: bí ààrin ẹran bá gbóná tó 63°C, kò sí ewu. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ní tútù gbọ́dọ̀ lo ẹja tó ti dì gan-an. Ìlànà Britain ní kó wà ní -20°C jálẹ̀ jálẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán, ìlànà Amẹ́ríkà sì ní ọjọ́ méje ní ìwọ̀n òtútù yẹn. Fìrísà ilé mìíràn kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi ohun ìwọ̀n òtútù yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbà pé tiyín tó.

Àwọn ìyá tó bá lóyún, ẹ kíyè sí sámọ́nì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ní fíríìjì ṣọ́ọ̀bù pé ó jẹ́ yíyan. Kò jọ ẹja yíyan tiwa, tí iná àti èéfín ti sè jinná. Èéfín tútù ni wọ́n fi yan ọ̀pọ̀ nínú tiwọn, ẹran rẹ̀ ṣì jẹ́ tútù, kòkòrò Listeria tó lè ba oyún jẹ́ sì lè wà nínú rẹ̀. Àjọ ìlera Britain, NHS, ní kí aláboyún má jẹ ẹ́ àyàfi bó bá tún sè é jinná dáadáa. Wọ́n tún ní kí àwọn ọmọbìnrin, aláboyún, àwọn tó ń fọ́mọ lọ́yàn àti obìnrin tó ṣì lè bímọ má ṣe jẹ ẹja ọlọ́ràá bíi sámọ́nì àti tíráútì ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, gíráàmù 140 ẹja tó ti jinná ló sì jẹ́ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ̀yin tó ń gbé ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ní Washington, Oregon àti àríwá California, bí ẹ bá ní ajá, ẹ má jẹ́ kó jẹ orí tàbí ìfun sámọ́nì tútù. Aràn kan tó wà nínú ẹja àwọn odò ibẹ̀ ń gbé kòkòrò àrùn tí kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó lè pa ajá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì bí kò bá rí ìtọ́jú. Ẹ di ìdọ̀tí ẹja náà sínú ọ̀rá, kí ẹ dé e mọ́ inú agolo ìdọ̀tí. Bí ajá bá sì ti jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má dúró dìgbà tó bá ń bì, kí ẹ sì sọ pé sámọ́nì tútù ló jẹ.